Àlọ́ Tí Kò Ní Ìdí

Abọ́ ẹ̀gúsí ni mo fi ń mọ̀ bóyá eré kan ṣì dára.

Nílé wa ní Ìkọ́lé-Èkìtì, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iná sì wà, Màámi á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí pálọ̀, á gbé abọ́ méjì kalẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀: ọ̀kan fún ẹ̀gúsí tí kò tíì bó, èkejì fún èyí tó ti bó. Èèpo á máa já bọ́ sórí ìborùn àtijọ́ tó tẹ́ sórí itan. Ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá ṣiṣẹ́. Pá, pá, pá, bẹ́ẹ̀ ni èèpo máa ń dún lábẹ́ èékánná. Bí eré bá wá dé ibi tó ká a lára, ìró yẹn á dákẹ́. Ẹ̀gúsí kan á há sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kò ní bó o, kò sì ní jù ú sílẹ̀, títí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ á fi yanjú. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, n kì í wo ojú rẹ̀ rárá. Bí a bá fẹ́ lọ sùn tí abọ́ kò kún, eré ọjọ́ náà dùn nìyẹn.

Ní 2015 ni ìkànnì Zee World dé Áfíríkà, pẹ̀lú àwọn eré Íńdíà tí wọ́n ti fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ohùn àwọn òṣèré. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn ìyá àdúgbò wa fi mọ Abhi àti Pragya bí ẹni mọ ọmọ ilé kejì. Twist of Fate la mọ eré náà sí níbí. Kumkum Bhagya ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ìtàn ìyá kan ni, Sarla, tó ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, tó sì ń wá ọkọ rere fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Pragya, èyí ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni, ó ń lo awò ojú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Màámi fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ pé tíṣà ni ọmọbìnrin yìí, ó ní, "Ẹgbẹ́ mi nìyí." Ó parí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fìyà jẹ Pragya, ilé wa ló fìyà jẹ.

Ohun tó mú wa nínú eré yẹn, kì í ṣe aṣọ tó ń dán àti ilé ńlá. Abhi, gbajúmọ̀ olórin, àti Pragya, tíṣà jẹ́jẹ́, ṣe ìgbéyàwó tí kò ti inú ìfẹ́ wá, a sì jókòó tì wọ́n bí ìfẹ́ náà ṣe ń hù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, nǹkan kékeré kan péré á yí padà: ojú tí wọ́n fi wo ara wọn, ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan fẹ́ sọ tó gbé mì. Ẹni tó bá ti gbé lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ pẹ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni nǹkan ṣe ń rí. Ní àwọn oṣù yẹn, ẹ̀gúsí ilé wa kì í tó ọbẹ̀.

N kò lè fi ọwọ́ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Mo kàn ṣàkíyèsí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé wọ́n gbá ẹnìkan létí nínú eré, orin ń dún kíkankíkan, kámẹ́rà gba ojú gbogbo èèyàn inú yàrá kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ Màámi ò dáwọ́ dúró. Pá, pá, pá. Abọ́ ti kún kí ìpolówó kejì tó dé.

Mo bi í pé, "Màámi, ẹ ò wò ó mọ́ ni?"

"Mò ń wò ó. Àwọn gan-an ló ti gbàgbé."

"Kí ni wọ́n gbàgbé?"

"Gbogbo nǹkan. Ṣé ìwọ ti rí ẹni tó ṣe ìkà tó tó báyẹn fún ìyàwó ilé rí, tí wọ́n á tún máa pè é wá bá wọn jẹun láàárọ̀ ọjọ́ kejì?"

Ó ń sọ ti Tanu àti Aliya, àwọn obìnrin méjì tí iṣẹ́ wọn nínú eré náà kò ju kí wọ́n máa da ilé Pragya rú lọ. Wọ́n á gbèrò ibi, àṣírí á tú, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ tàbí kí wọ́n bínú jáde, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n á tún wà níbẹ̀, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti ro gbólóhùn Màámi yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún báyìí, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìkọ́lé níbí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko kan wà tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Títí dòní, bí ìdílé méjèèjì bá pàdé níbi ìsìnkú, ẹ ó mọ̀ nínú ìkíni wọn. Wọn kì í jà. Wọ́n á kíra, wọ́n á jẹun. Àmọ́ ẹ ó rí i pé àgbàlagbà kan ń wo ibi tí èkejì fẹ́ jókòó sí kí òun tó jókòó. Bí èèyàn ṣe rí nìyẹn: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kì í kúrò lára wa. Eré tí àwọn inú rẹ̀ kò bá ru ẹrù àná wọn mọ́, kò sí èèyàn nínú rẹ̀ mọ́, aṣọ ló kù.

Ó wá burú débi pé wọ́n sọ ìgbàgbé di ìtàn. Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí Abhi, ó sì gbàgbé Pragya pátápátá, kò mọ̀ ọ́n ní ìyàwó rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìfẹ́ tí a fi oṣù gbáko wò bó ṣe ń hù, wọ́n fà á tu bí ewédú lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbin òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú obìnrin mìíràn wá tó jọ Pragya bí ìbejì, Munni lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó di 2019, wọ́n fo ogún ọdún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: àwọn ọmọ Pragya ti dàgbà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, èkejì lọ́dọ̀ bàbá, ìjà tuntun ti délẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀ ní Íńdíà ní 2025, lẹ́yìn ọdún 11 ó lé, àrọ́mọdọ́mọ ni ìtàn náà wà lórí.

Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ kì í ṣe pé àwọn abala ìkẹyìn kò dára. Ohun tí kò dára, èèyàn lè má wò ó. Ohun tó dùn mí ni pé ìbàjẹ́ ìkẹyìn máa ń padà lọ jẹ ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú láti tún àwọn abala àkọ́kọ́ wò lẹ́yìn tí mo ti mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. N kò lè pẹ́ níbẹ̀. Ojú tí Abhi fi wo ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, tó ti mú ọwọ́ Màámi dúró rí, mo mọ̀ báyìí pé wọ́n máa nù ún kúrò bí ẹni nu pátákó ìkọ̀wé. Àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn, èmi pẹ̀lú Màámi la jọ lò wọ́n. Ó dà bíi pé ẹnìkan wọlé, ó mú nǹkan wa lọ lẹ́yìn tí a ti gbà pé tiwa ni.

N kò dá àwọn tó ń kọ eré náà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé. Ní Íńdíà, irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń jáde lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka iye òǹwòran, wọ́n ń pè é ní TRP, òun ló sì ń sọ eré tó máa dúró àti èyí tó máa kógbá sílé. Àwọn tó ń polówó ọṣẹ àti òróró, ìrọ̀lẹ́ òní àti ti ọ̀la ni wọ́n ń sanwó fún. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún òpin. Báwo lẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀nà parí sí ṣe máa pín omi inú kèrègbè rẹ̀? Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta ló kù, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ohun tó bá ti dára lọ́wọ́ rẹ̀, òní ló máa lò ó. Bó bá di ọ̀la tí wọ́n ní kó tún wá, kí ni yóò bù?

Ẹ wò ó pé eré yìí gan-an, ìwé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ara ìwé Jane Austen kan, Sense and Sensibility, tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1811, ni wọ́n ti fa okùn ìtàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà jáde. Ìwé náà ní ojú ewé ìkẹyìn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ẹni tó máa fẹ́ ta, ó sì mọ ohun tó máa ná wọn. Ibi tí eré ti fi ìwé sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú igbó.

Bàámi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń ní bí a bá pẹ́ nídìí imí, eṣinkéṣin ní í bá ni níbẹ̀. Àmọ́ òun náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé pípẹ́ nìkan kọ́ ló ń ba eré jẹ́. Eré tó fẹ́ràn jù láyé rẹ̀ ni The Village Headmaster. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, ó sì wà títí di 1988. Ogún ọdún! Ted Mukoro, Femi Robinson àti Justus Esiri ló ṣe ọ̀gá ilé-ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ara òǹwòran kò sì bù máṣọ. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ìlú ni eré yẹn dá lé, ìlú kan tó ń jẹ́ Ọjà, kì í ṣe ìdààmú ẹnìkan. Ìdààmú ẹnìkan gbọ́dọ̀ tán, bí kò bá tán a jẹ́ pé irọ́ ni. Ìlú kì í tán. Wọ́n á gbé ọ̀gá ilé-ìwé kan lọ, wọ́n á gbé òmíràn wá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fáwọn tíṣà ní Èkìtì níbí. Ààfin ṣì wà níbẹ̀, kanga ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nìní kiri ṣì wà níbẹ̀. Inú eré yẹn ni Amebo ti wá, tí orúkọ rẹ̀ di ohun tí a fi ń pe olófòófó títí dòní, àní lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọn ò gbọ́ orúkọ eré náà rí.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà, èyí tí èmi fojú ara mi rí. Nígbà tí Super Story tí Wale Adenuga gbé jáde bẹ̀rẹ̀ ní 2001, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lójú títì wa dà bí ìgbà tí òjò lé èèyàn wọlé. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ á lọ síwájú fèrèsé ẹni tó ní. Oh Father, Oh Daughter ni wọ́n fi ṣí i, a sì kórìíra Toyin Tomato, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, tọkàntọkàn, bí ẹni pé ó jẹ wá lówó. Lẹ́yìn náà ìtàn yẹn parí. Ó parí pátápátá! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òṣèré mìíràn, ilé mìíràn, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Orúkọ ló ń pẹ́, ìtàn ń lọ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Mo rántí pé inú bí mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn nítorí mo fẹ́ kí Toyin padà wá. Ìbínú tó dára ni. Mo ṣì fẹ́ràn ìtàn náà títí dòní nítorí kò dúró títí ó fi sú mi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní gbólóhùn kan fún àkókò tí eré bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà: wọ́n ní ó ti fo ẹja ṣáàkì. Ní oṣù kẹsàn-án 1977, nínú Happy Days, eré tẹlifíṣọ̀n wọn kan, wọ́n mú kí Fonzie, ọmọkùnrin tó máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, fi pákó tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ sáré lórí omi, kó sì fò kọjá lórí ẹja apani yẹn. Ìgbà tó yá ni àwọn èèyàn sọ ọ́ di òwe. N kò gba òwe náà gbọ́ tán. Eré yẹn ṣì wà títí di 1984, ọdún méje lẹ́yìn ẹja. Kò sí alẹ́ kan tí eré ń kú. Bí òrùlé ṣe ń jò ló ṣe ń rí: ọdún tí ẹ rí omi nílẹ̀ kọ́ ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ fífà gùn, ẹ jẹ́ ká rántí òdìkejì rẹ̀. Lọ́dún 2019, àbúrò mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ó pàdánù èèyàn. Game of Thrones ló parí. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún mélòó kan gba eré náà lórí fóònù ara wọn, wọ́n ń jókòó mẹ́rin mẹ́rin sídìí kọ̀ǹpútà kan. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní 2011, inú àwọn ìwé George R. R. Martin ni wọ́n ti mú un. Ọdún yẹn náà ni ìwé karùn-ún jáde, ìkẹfà kò sì dé títí eré fi ré ìwé kọjá. Sáà mẹ́fà àkọ́kọ́ ní abala 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Sáà keje ní 7, ìkẹjọ tó kẹ́yìn ní 6. Àwọn tí wọ́n ti fi gbogbo sáà kan rin ìrìn-àjò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí wọ́n ń lọ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n tún sáà ìkẹyìn ṣe.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sáré jù." Màámi ní wọ́n pẹ́ jù. Ojú mi ló là nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì síra: ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò. Ìkan fa ìtàn gùn débi pé ohun tí èèyàn ṣe kò ní èso mọ́. Ìkejì gé e kúrú débi pé èso yọ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ju òkò tí kò balẹ̀; nínú ti èkejì, òkò balẹ̀ láìsí ọwọ́ tó jù ú.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a ò fi pa á. Rìmóòtù wà lórí tábìlì. Ìdáhùn mi ni pé a kì í fi ẹni tí a ti mọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Màámi wo eré yẹn fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn tó ti mọ̀ pé kò dára mọ́. Ó ń dúró de Pragya bí ẹni ń dúró de ọmọ tó lọ sí Èkó tí kò kọ lẹ́tà. Àwọn tó ń ka òǹwòran lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á ka irú rẹ̀ mọ́ àwọn tí inú wọn ń dùn. Wọn ò ní abọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n lè yẹ̀ wò.

Ìyá Màámi, tó kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì mẹ́rin, apàlọ́ ni. Ohun tí mo rántí jù nínú àlọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìjàpá, bó ṣe ń parí rẹ̀ ni. Kò sí bí oorun ṣe lè máa kun wá tó, kò ní fi àlọ́ sílẹ̀ láìdé ìdí rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ parí, á gbé ẹ̀yìn kúrò lára ògiri, á jókòó ṣánṣán: "Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró o. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta." Á wá fi ọwọ́ lu ẹnu: pó, pó, pó. Nígbà yẹn mo rò pé eré ọmọdé ni. Mo ti wá rí i pé ìbúra ni. Ẹni tó sọ ìtàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ dúró fún ohun tó sọ. Bí kò bá sì tíì dé ìdí, kò lè búra. Ta ló fẹ́ lu ẹnu fún ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ń lọ?

Lọ́jọ́ kan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iná lọ nígbà tí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó ní, "Màmá àgbà, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Pragya?"

Màámi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ààlọ́ o."

Ọmọ náà ní, "Ààlọ̀."

Ó sọ ọ́ láti gbọ̀ngàn ìgbéyàwó Sarla. Kò fi ogún ọdún kankan sí i, kò sí ẹni tó jọ ẹnìkan. Abhi tí orí rẹ̀ ti dàrú rí awò ojú ìyàwó rẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé e, ó fi wo ìta, gbogbo nǹkan sì padà sí i lọ́kàn. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Sarla níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n pe Aliya sí ìpàdé ẹbí, wọ́n ka ohun tó ṣe fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbà á padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò jókòó nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ mọ́. Tanu padà sí ìlú rẹ̀. Pragya sùn mọ́jú, ó dìde, ó wẹ̀, ó lọ sí ilé-ìwé, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ déètì sórí pátákó, àwọn ọmọ sì dìde kí i.

"Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká," ni Màámi wí nínú òkùnkùn. Mo gbọ́ ọwọ́ méjì tí ń lu ẹnu, ti àgbà àti ti ọmọdé: pó, pó, pó.

Nígbà tí iná dé, mo wo abọ́ ẹ̀gúsí bíbó tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀gúsí kan nínú rẹ̀.